Ẹ̀RỌ IṢẸ́ IGI MÉJÌ IRÚ KAN NÁÀ: ÈYÍ TÍ A Ó MÚ ÀTI ÈYÍ TÍ A Ó TÀ

Nígbà tí àgbẹ̀ bá ní àdá méjì, èkejì kò pa á lára. Ọ̀kan wà ní ọwọ́, ọ̀kan wà ní àjà. Ọjọ́ tí èyí tí ó wà ní ọwọ́ bá kán, a na ọwọ́ mú èyí tí ó wà ní àjà. Ẹ̀rọ tí gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń ṣiṣẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó wúwo, ó ń gba ilẹ̀, ìpẹtà ń jẹ ẹ́, eku ń kọ́lé sí inú rẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ a sì máa tú ìdè rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìlò mìíràn. Nígbà tí a ó bá fi tún rántí rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ mọ́ bí kò ṣe pàǹtí irin. Nítorí náà ẹni tí ó bá ní méjì irú kan náà gbọ́dọ̀ jókòó, kí ó rò ó, kí ó sì pinnu.

Ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń di méjì pọ̀. Ẹlòmíràn rí tòkunbọ̀ kan ní Èkó, owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì rà á láìro ti èyí tí ó wà ní ilé. Ẹlòmíràn àti alábàáṣe rẹ̀ da ilé iṣẹ́ pọ̀. Ìjọ kan lè gba ẹ̀bùn ẹ̀rọ láti òkè òkun fún ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé irú èyí tí ó ti wà níbẹ̀ náà ni a tún kó wá. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣòro jùlọ ni ti ogún, nítorí pé nínú rẹ̀ a kò wo irin nìkan. A ń wo ojú ènìà pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a fi irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ká wí pé gbẹ́nàgbẹ́nà kan wà, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó kọ́ ọ ní iṣẹ́ kú. Ilé iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n di títì. Ẹ̀rọ mẹ́rin wà nínú rẹ̀: ayùn orí tábìlì, ẹ̀rọ ìfági, báńsọ̀ (ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dàbí bẹ́líìtì, tí ó ń yí lórí àgbá méjì), àti léètì tí a fi ń yí igi láti gbẹ́ ẹsẹ̀ àga àti òpó bẹ́ẹ̀dì. Àbúrò náà sì ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀. Opó wà, ọmọ mẹ́ta sì wà ní ilé ẹ̀kọ́. Opó náà wí fún un pé, “Ọkọ mi, ẹnyin li ẹ mọ ohun tí àwọn nǹkan wọ̀nyí jẹ́. Èyí tí ẹ bá fẹ́ nínú wọn, ẹ mú un. Èyí tí ẹ kò bá fẹ́, ẹ bá wa tà á, kí a fi san owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ.”

Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé ni èyí, ó sì léwu fún ẹni tí a bá a sọ. Ẹni kan náà ni yíò díye lé ẹrù, òun náà ni yíò yàn nínú rẹ̀, òun náà ni yíò sì tà á. Kò sí ọlọ́gbọ́n tí kò ní mọ̀ pé ọkàn ènìà ń ṣe ẹ̀tàn fún ara rẹ̀ ní irú ibẹ̀. Ohun tí ó bá fẹ́ mú, yíò rí àbùkù rẹ̀ kíákíá, iye rẹ̀ yíò sì dínkù. Ohun tí ó fẹ́ tà, ẹwà rẹ̀ ni yíò máa rí. Nítorí èyí ohun àkọ́kọ́ kì í ṣe yíyàn. Ohun àkọ́kọ́ ni ìwé kíkọ àti ìdíyelé. Kí a kọ ẹ̀rọ mẹ́jọ náà sí ìwé, ti ẹ̀gbọ́n ní apá kan, ti àbúrò ní apá kejì, àti gbogbo ohun tí ó bá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan rìn: ọ̀bẹ ìfági, kọ́kọ́rọ́ ìtúdè, irin ìtọ́sọ́nà, ìbòrí ayùn, ìwé ìlò bí ó bá wà. Kí a wá pe gbẹ́nàgbẹ́nà kan láti ìlú mìíràn, ẹni tí kò ní rà nínú wọn, kí ó díye lé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ níwájú opó. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni; kí obìnrin náà fi ojú ara rẹ̀ rí i, kí ó sì gbọ́ ọ. Nígbà tí iye bá ti wà ní ìwé, àbúrò lè yàn bí ó ti fẹ́, nítorí pé ohunkóhun tí ó bá mú nínú ti ẹ̀gbọ́n, yíò san iye rẹ̀ fún opó gẹ́gẹ́ bí àjèjì ti ìbá san án.

Àwọn kan yíò wí pé ẹbí kì í ra nǹkan lọ́wọ́ ẹbí. Bẹ́ẹ̀ ni nwọ́n ti ń wí, ilé iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ òkú sì ti fọ́n ká báyìí tí ọmọ wọn kò rí kọ́bọ̀.

Ó kù kí a wo iṣẹ́ tí ẹ̀rọ yíò ṣe. Kí gbẹ́nàgbẹ́nà mú ìwé iṣẹ́ ọdún tí ó kọjá, kí ó ka iye ìlẹ̀kùn tí ó ṣe, iye àga, iye bẹ́ẹ̀dì, iye ìjókòó ilé ìjọsìn. Bí kò bá kọ ìwé, kí ó jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kí nwọ́n rántí. Ẹ̀rọ tí ó dára jù fún ẹni tí ń ṣe ìlẹ̀kùn kọ́ ni ó dára jù fún ẹni tí ń ṣe àga. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ béèrè èyí yíò mú ẹ̀rọ tí ó tóbi jù, yíò sì máa fi í ṣe ìyangàn fún àlejò.

Lẹ́yìn èyí ni yíyẹ̀ ẹ̀rọ wò. Kí a má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ara ọ̀dà. Ọ̀dà tuntun ń bo ẹ̀ṣẹ̀ púpọ̀, ìpẹtà fẹ́ẹ́rẹ́ sì ń ba ojú ohun rere jẹ́. Karosín-ìnì àti bébà yanrìn lè mú ìpẹtà kúrò lórí tábìlì ẹ̀rọ láàárín ọjọ́ kan, bí kò bá tíì jẹ irin wọlé di ihò. Ọjọ́ orí pàápàá kì í ṣe àrùn fún irin. Ọdún 1777 ni Samuel Miller gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ayùn tí ó rí bí àwo. Ọdún 1808 ni William Newberry gba tirẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lórí báńsọ̀. Láti ìgbà náà wá, ọ̀nà tí irin gbà ń gé igi kò tíì yí padà púpọ̀. Ẹ̀rọ tí a dà ní irin tí ó nípọn ní àádọ́rin ọdún sẹ́yìn lè ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ ju ti àná tí a fi páànù tẹ́ẹ́rẹ́ ká, nítorí pé ìwúwo ni kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ gbọ̀n, ẹ̀rọ tí kò bá sì gbọ̀n ni ó ń gé igi gbọọrọ.

Kí a yọ okùn iná kúrò lára ògiri ṣáájú ohun gbogbo. Kí a wá mú òòlù kékeré, kí a máa fi kan ara irin náà jẹ́jẹ́ láti òkè dé ilẹ̀. Irin tí a dà tí ara rẹ̀ pé a máa dún bí agogo. Èyí tí ó ti sán a máa dún bíi kẹ̀kẹ́ òfìfo. Ojú sísán kì í hàn lábẹ́ ọ̀dà, ṣùgbọ́n etí a máa gbọ́ ọ. Ọ̀ràn ńlá ni èyí, nítorí pé irin tí a dà kò ṣeé jó bí irin wíwọ́pọ̀. Bí jórinjórin kò bá kọ́kọ́ mú un gbóná kí ó sì lo irin ìjó tí ó yẹ ẹ́, yíò tún sán ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ó jó.

Ó kan ọ̀pá tí ayùn tàbí ọ̀bẹ jókòó lé. Kí a tú bẹ́líìtì rẹ̀, kí a fi ọwọ́ yí ọ̀pá náà, kí a sì dákẹ́. Bí ó bá ń yí láìdún, ó dára. Bí ó bá ń dún bí ẹni ń jẹ yanrìn, bẹ́árìn rẹ̀ ti jẹ. Kí a tún di orí ọ̀pá náà mú, kí a gbé e sókè, kí a tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kò gbọdọ̀ mì rárá. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìà ti ń ṣe àṣìṣe ìdájọ́: nwọ́n gbọ́ ariwo bẹ́árìn, nwọ́n sì ta ẹ̀rọ rere ní owó pọ́ọ́kú. Bẹ́árìn ni ohun tí ó rọrùn jù láti pààrọ̀. Nọ́ńbà wà lára rẹ̀, nọ́ńbà náà sì jẹ́ ọ̀kan náà ní gbogbo àiyé: 6203 ń gba ọ̀pá tí ó nípọn tó mìlímítà 17, 6204 ń gba 20, 6205 ń gba 25. Ẹni tí ó bá mú nọ́ńbà lọ sí ọjà ohun èlò ọkọ̀ yíò rí i rà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pá fúnra rẹ̀ bá ti wọ́, tàbí ibùjókòó bẹ́árìn ti fẹ̀, tí bẹ́árìn tuntun kò dúró ṣinṣin nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di ti àwọn tí ń fi ẹ̀rọ rẹ́ irin, owó rẹ̀ sì lè pọ̀ ju iye ẹ̀rọ lọ.

Tábìlì ẹ̀rọ náà yẹ ní wíwò. Kí a gbé irin gígùn títọ́ lé e ní ìbú, ní òòró àti ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí a ki bébà tẹ́ẹ́rẹ́ sí abẹ́ rẹ̀ níbi púpọ̀. Níbi tí bébà bá ti wọlé ní ìrọ̀rùn, ihò wà níbẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ kò ba ayùn jẹ́, ṣùgbọ́n ní ti ẹ̀rọ ìfági kò ṣeé fojú fò, nítorí pé pákó yíò mú àwòrán tábìlì tí ó gba orí rẹ̀ kọjá.

Ọ̀rọ̀ iná ni ó tẹ̀ lé e, ó sì yẹ kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀, nítorí ó ti sọ ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ra tòkunbọ̀ di ẹni ìtìjú. Iná ilé ní Nàìjíríà jẹ́ 230 fóòtì, ó sì ń mì ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti Amẹ́ríkà ń mì ní ìgbà 60, fóòtì rẹ̀ ní ilé sì jẹ́ bí 120. Ẹni tí ó ra ẹ̀rọ Amẹ́ríkà a máa ra tíráńsífọ́mà láti sọ fóòtì di kékeré, ó sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tíì parí, nítorí pé tíráńsífọ́mà kò lè yí iye ìmì náà padà. Mọ́tọ̀ tí kò ní káábọ́ọ̀nù nínú ń tẹ̀ lé ìmì iná. Èyí tí ó ń yí ní ìgbà 3,450 ní ìṣẹ́jú kan ní Amẹ́ríkà yíò máa yí ní nǹkan bí 2,875 ní ilẹ̀ yí. Ìdá kan nínú mẹ́fà agbára rẹ̀ ti lọ, yíò sì máa gbóná. A lè fi púlì tí ó tóbi ju ti àtijọ́ ní ìdá kan nínú márùn-ún sí ara mọ́tọ̀ láti dá eré ayùn padà (bí ó bá jẹ́ ínṣì 5, kí a fi ínṣì 6), ṣùgbọ́n ẹrù mọ́tọ̀ yíò pọ̀ sí i. Kí a má sì ṣe yá ayùn ju iye tí a tẹ̀ sí ara rẹ̀ lọ. Àwọn ẹ̀rọ kékeré àfọwọ́gbé tí ó ní káábọ́ọ̀nù kò bìkítà fún ìmì iná. Fóòtì nìkan ni kí a tọ́jú fún wọn.

Ẹ̀rọ ńlá láti ilé iṣẹ́ Yúróòpù sábà ń béèrè iná féèsì mẹ́ta. Èyí ń lé olùrà sá, nítorí náà owó rẹ̀ a máa wálẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó ń ṣe lè jèrè níbẹ̀. Kí ó wo àwo irin kékeré tí ó wà lára mọ́tọ̀. Bí a bá kọ 230/400 sí i, a lè so ó kí ó gba 230, kí a sì lo àpótí ayíná tí ń gba féèsì kan tí ó sì ń fúnni ní mẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ 400/690 ni a kọ, àpótí lásán kò ní tó o, ó lè jẹ́ kí a pààrọ̀ mọ́tọ̀ ni yíò rọrùn jù. Àwọn kan ń fi kàpásítọ̀ nìkan tàn án jẹ. Yíò yí, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kì í sábà ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ. Ní ti jẹnẹrétọ̀, kí a rántí pé mọ́tọ̀ agbára ẹṣin 3 ń fúnni ní agbára bíi wáàtì 2,200, ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú tí ó ń dìde, ó lè fa iná ní ìlọ́po márùn-ún sí méje. Jẹnẹrétọ̀ tí ń tan gílóòbù àti fáànù kò lè gbé e dìde.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ arákùnrin wa pẹ̀lú ìwé rẹ̀ ní ọwọ́.

Ayùn orí tábìlì tirẹ̀ jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ó fúyẹ́, tíráńsífọ́mà wà lẹ́bàá rẹ̀. Nígbà tí ó bá la apá tàbí ìrókò, ó ń kùn, ó sì ń dúró. Ti ẹ̀gbọ́n jẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irin rẹ̀ nípọn, agbára ẹṣin 3, féèsì mẹ́ta, àwo rẹ̀ sì kà 230/400. Bẹ́árìn rẹ̀ ń dún. Ẹni tí ó bá fi etí nìkan ṣe ìdájọ́ yíò ta ti ẹ̀gbọ́n. Òun yíò mú un, yíò ra bẹ́árìn méjì àti àpótí ayíná, yíò sì ta tirẹ̀. Ohun kan ni kí ó rí dájú: irin ìyapa, èyí tí ó dúró lẹ́yìn ayùn kí igi tí a là má baà padà fún ayùn ní ọrùn. Láìsí i, ayùn lè ju pákó sẹ́yìn sí ikùn ẹni tí ń tì í. Ó ṣọ̀wọ́n kí a bá a lára tòkunbọ̀; àwọn tí ó lò ó ti yọ ọ́ sọnù nítorí ó ń dí wọn lọ́wọ́. Kí ó jẹ́ kí jórinjórin gé òmíràn, kí ó má nípọn ju ojú ìlà ayùn lọ, kí ó má sì tẹ́ẹ́rẹ́ ju ara ayùn lọ.

Ẹ̀rọ ìfági li ó le. Tirẹ̀ gba pákó ínṣì 12, ti ẹ̀gbọ́n gba 9 péré. Gbogbo ìlú ni ó mọ̀ pé tirẹ̀ tóbi. Ṣùgbọ́n orí tí ó di ọ̀bẹ mú nínú tirẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́rin, bí irú èyí tí a ń ṣe ní àtijọ́. Àlàfo tí ó wà láàárín orí onígun mẹ́rin àti etí tábìlì tóbi tó láti gbé ìka mẹ́rin mì títí dé àtẹ́lẹwọ́. Orí rìbìtì kò ní irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Ó lè bu ìka jẹ, ṣùgbọ́n kì í fa ọwọ́ wọlé. Nítorí èyí ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1922 fi kọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ ti pákó lórí ẹ̀rọ ìfági bí kò ṣe èyí tí orí rẹ̀ rí rìbìtì. Àbúrò ti lò ó fún ogún ọdún, ìka rẹ̀ sì pé. Èyí kì í ṣe ẹ̀rí. Ọmọ iṣẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni yíò lò ó lẹ́yìn rẹ̀.

Nítorí náà kí ó mú ti ẹ̀gbọ́n, bí ó tilẹ̀ kéré. Ìlẹ̀kùn kì í béèrè pákó tí ó fẹ̀ ju ínṣì 9 lọ. Ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ni ó fi hàn bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí ó kù ni ohun tí yíò ṣe sí èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀. Olùrà wà, ọ̀pọ̀ ni yíò san owó rere nítorí ìbú rẹ̀, nwọn kò sì ní béèrè ìrísí orí rẹ̀. Bí ó bá tà á bẹ́ẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ó ta ọwọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Ọ̀nà méjì li ó wà fún un: kí ó fún àwọn tí ń rẹ́ irin ní iṣẹ́ láti ṣe orí rìbìtì tí ó wọ̀n dọ́gba ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, kí ó sì fi owó rẹ̀ kún iye títà, tàbí kí ó yọ orí onígun mẹ́rin náà, kí ó gé e sí méjì, kí ó sì ta ìyókù fún àwọn tí ń ra irin. Èkejì yíò dùn ún, nítorí owó kékeré ni.

Ní ti báńsọ̀, òwe àgbà wà pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Báńsọ̀ kékeré ń gé ìyípo ẹ̀yìn àga. Ńlá ti ẹ̀gbọ́n ń la ìtì igi sí pákó. Ìyẹn ni pé nwọn kì í ṣe méjì irú kan náà ní òtítọ́, ẹni tí ó bá ní ààyè àti owó yíò sì mú méjèèjì. Ṣùgbọ́n arákùnrin wa ti jẹ opó ní gbèsè ayùn àti ẹ̀rọ ìfági. Ó wo ìwé iṣẹ́, ó rí i pé ìgbà díẹ̀ ni òun lagi ní gbogbo ọdún. Ilé ìlagi kò sì jìnnà, nwọn yíò là á fún un fún owó díẹ̀. Kí ó ta ńlá náà fún àwọn oníṣòwò pákó, kí owó rẹ̀ lọ tààrà sí ọwọ́ opó. Kí ó má ṣe gba ìdámẹ́wàá alágbàtà nínú rẹ̀ fún ara rẹ̀, bí a kò bá ti kọ́kọ́ bá a ṣe àdéhùn.

Léètì méjèèjì jọ ara wọn bí ìbejì, ilé iṣẹ́ kan náà li ó ṣe wọ́n. Nínú irú èyí ni ènìà ń yára wí pé kí a ta ọ̀kan. Kí ó dúró ná. Ayùn méjì kò sọ iṣẹ́ di méjì, nítorí pé ohun tí ayùn kan bá gé ní wákàtí kan, ọ̀sẹ̀ kan ni a fi ń kàn án pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà ní ìdí léètì ń dúró pẹ̀lú igi kan ṣoṣo fún ìgbà pípẹ́. Ẹlòmíràn kò lè lò ó títí yíò fi kúrò. Bí ọmọ iṣẹ́ méjì bá wà tí nwọ́n mọ̀ ọ́n yí, léètì méjì yíò mú òpó bẹ́ẹ̀dì jáde ní ìlọ́po méjì, àti pé ohun èlò ọ̀kan yíò máa bá èkejì mu. Bí kò bá sí ọwọ́ méjì, kí ó ta ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe yọ ohun rere kúrò lára ti ẹ̀gbọ́n sí ara tirẹ̀ kí ó tó tà á; ìwé tí a kọ ní ọjọ́ kìíní ni yíò jẹ́rìí sí ohun tí ó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ ìlera kan wà tí ó yẹ kí ó wọ inú yíyàn yí. Ní ọdún 1995, àjọ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ fi lẹ́búlẹ́bú igi sí ara àwọn ohun tí ó dájú pé nwọ́n ń fa jẹjẹrẹ. Imú ni ó ń bá jà jùlọ. Lẹ́búlẹ́bú ìrókò a máa yún ara, a sì máa mú ìkọ́ wá, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ẹni tí ó ti là á ti mọ̀. Nítorí náà bí ẹ̀rọ méjì bá dọ́gba nínú ohun gbogbo, kí a mú èyí tí ó ní ẹnu tí a lè fi páìpù fa lẹ́búlẹ́bú jáde. Kí ilé iṣẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ méjì tí ó ṣí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́, kí a bo imú, kí a má sì fi afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ fẹ́ lẹ́búlẹ́bú kúrò lára aṣọ. Ẹni tí ó wọ ẹ̀wù alápá gbàràmù, tàbí ìbọ̀wọ́, kò gbọdọ̀ dúró lẹ́bàá ọ̀pá tí ń yí.

Títà dára jù ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ọ̀nà gbẹ tí àgbẹ̀ sì ń rí owó kókó láti fi kọ́lé. Kí ẹ̀rọ wà ní ìsopọ̀, kí ó ṣiṣẹ́ níwájú olùrà, kí ó gé igi líle, kì í ṣe arère nìkan. Àbùkù tí a mọ̀, kí a sọ ọ́, kí a sì kọ ọ́ sí ìwé títà, kí ẹlẹ́rìí méjì fi ọwọ́ sí i. Kí a má ṣe tà á ní àwìn. Ẹ̀rọ tí ó ti lọ sí ìlú mìíràn kì í rọrùn láti gbà padà, opó kì í sì í ní owó ọkọ̀ láti máa lọ béèrè.

Bí òjò bá bá ẹ̀rọ kí olùrà tó dé, kí a fi gíríìsì kun gbogbo ibi tí irin rẹ̀ wà ní ìhòhò, kí a gbé e kúrò ní ilẹ̀ lórí pákó méjì. Nígbà tí a bá ń gbé e lọ, kí a tú mọ́tọ̀ rẹ̀ kúrò, kí a má ṣe fi etí tábìlì gbé e, nítorí ibẹ̀ ni irin tí a dà ti ń sán. Ti báńsọ̀, kí a dẹ ayùn rẹ̀, kí a bọ́ ọ kúrò lórí àgbá, kí a ká a, kí a sì di í ní àpò lọ́tọ̀ kí ó má baà gé ẹni tí ó bá jókòó tì í nínú ọkọ̀.